Ẹ́ńjìnnì Àtijọ́ Nínú Ọkọ̀ Onípákó: Bí A Ti Ń Lò Ó àti Bí A Ti Ń Tọ́jú Rẹ̀



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, èyíinì ni ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí ó wà nínú ikùn àwọn ọkọ̀ ojú omi onípákó tí àwọn ará Amẹ́ríkà kàn ní ọ̀rúndún tí ó kọjá. Bí ẹnìkan bá bi wá léèrè pé, Kí ni ọ̀ràn ọkọ̀ Amẹ́ríkà kàn wá? èsì wa ni pé ìdí mẹ́ta ni ó mú wa yàn án. Èkínní, ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì náà ń gbà ṣiṣẹ́ kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní jẹnẹrétọ̀ elépo pẹtiróòlù ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀kan kò ní pẹ́ mọ èkejì. Èkejì, ewu wà nínú rẹ̀, ewu náà sì ti gba ẹ̀mí. Ẹni tí ó bá mọ ìdí ewu náà yóò lè yẹra fún un, ìbáà ṣe lórí omi, ìbáà ṣe nínú ilé. Ẹ̀kẹta, nínú ìtọ́jú ohun àtijọ́ a rí àwòrán irú ìríjú tí ó yẹ kí olúkúlùkù wa jẹ́ lórí ohun tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀.

I. IRÚ ỌKỌ̀ TÍ A Ń SỌ̀RỌ̀ RẸ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí ẹ ń rí lórí ọ̀sà ní Èkó, ẹ̀yìn ni a so ẹ́ńjìnnì wọn kọ́, lóde ara ọkọ̀. Bí ó bá dá iṣẹ́ sílẹ̀, ẹni méjì lè tú u, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Èyí tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnnì náà jókòó sí, a fi ìdè irin dè é mọ́ orí igi gbọọrọ méjì tí ó lágbára, a sì fi àpótí pákó bò ó. Láti ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀pá irin kan ti jáde, tí ó gba ihò kan nínú ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kọjá sínú omi. Ní orí ọ̀pá yìí ni pùròpẹ́là wà, èyí tí ń yí tí ó sì ń ti ọkọ̀ síwájú. Nítorí náà ẹ́ńjìnnì àti ọkọ̀ ń gbé pọ̀ bí ọkọ àti aya, wọ́n sì ń dàgbà pọ̀. Ohun tí ó bá ṣe ọ̀kan kò ní ṣàì kan èkejì.

Ní ìlú Algonac, ní etí odò St. Clair ní ìpínlẹ̀ Michigan, ọkùnrin kan tí à ń pè ní Christopher Columbus Smith àti àwọn ọmọ rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1922. Àwọn ọkọ̀ wọn ni a wá mọ̀ sí Chris-Craft. Nítòsí wọn ni Gar Wood pẹ̀lú ti ń kan ọkọ̀ eléré ìje, bẹ́ẹ̀ sì ni John Hacker. Igi pupa tí àwọn oníṣòwò ń pè ní mọ̀gánì ni wọ́n fi kàn wọ́n. Igi ọ̀gànwó ilẹ̀ wa náà wà lára àwọn igi tí a ń tà lábẹ́ orúkọ yẹn. Wọ́n ń fá pákó náà kí ó jọ̀lọ̀, wọ́n a sì fi fánìṣì kùn ún lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹwàá, títí ènìyàn yóò fi lè rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe ẹ́ńjìnnì fún wọn kò dá irin rẹ̀ rọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọn a ra ẹ́ńjìnnì tí a ṣe fún mọ́tò akẹ́rù tàbí katakata, wọn a sì tún un ṣe kí ó lè bá omi gbé. Irin tí Chris-Craft lò fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Hercules wá, ní ìlú Canton ní Ohio. Ọ̀kan nínú wọn tí ó gbajúmọ̀ ni èyí tí wọ́n fún ní àmì K, tí ó ní sìlíńdà 6 àti agbára ẹṣin 95. Gray Marine ti ìlú Detroit náà ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ọkọ̀ tí a fi dígí onífọ́nrán àti ọ̀dà líle mọ dé. Ọkọ̀ yìí kì í rà, kì í sì í fẹ́ fánìṣì lọ́dọọdún. Nígbà tí ọdún 1970 fi kọjá díẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti kọ pákó sílẹ̀. Ní ọdún 1975 ni àwọn tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ dá ẹgbẹ́ Antique and Classic Boat Society sílẹ̀ ní Lake George ní ìpínlẹ̀ New York. Ẹgbẹ́ yìí pín àwọn ọkọ̀ náà sí ìpele gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí wọn: àwọn tí a kàn títí di ọdún 1918 wà ní ipò kan, àwọn ti 1919 sí 1942 wà ní ipò kejì, àwọn ti 1943 sí 1975 sì wà ní ipò kẹta. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi ojú rí wọn lè lọ sí ilé ìṣúra ọkọ̀ àtijọ́ tí ó wà ní Clayton, ní etí odò St. Lawrence.

II. OHUN TÍ Ó YÀ Á SỌ́TỌ̀ KÚRÒ LÁRA TI MỌ́TÒ

Bí irin rẹ̀ bá ti ara ẹ́ńjìnnì mọ́tò wá, èéṣe tí a kò fi lè tọ́jú rẹ̀ bí a ti ń tọ́jú ti mọ́tò? Ìdí mẹ́ta ni.

Ìdí kìn-ín-ní ni pé kò sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lórí omi. Mọ́tò a máa gun òkè, a sì máa sọ̀ kalẹ̀; nígbà tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń sinmi. Ṣùgbọ́n omi wúwo, kò sì jẹ́ kí ọkọ̀ yọ́ lọ fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tí awakọ̀ bá ti fi sí jíà títí di ìgbà tí ó bá gúnlẹ̀, ńṣe ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ dàbí mọ́tò akẹ́rù tí ó ń gun òkè Ìbàdàn tí kò sì dé orí rẹ̀ láéláé. Nítorí èyí, àbùkù kékeré tí mọ́tò lè gbé fún ọdún kan, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kò lè gbé e fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ìdí kejì ni pé kò ní ràdíétọ̀. Omi odò náà gan-an ni ó ń fà wọlé láti tu ara rẹ̀ lára.

Ìdí kẹta ni pé inú àpótí ni ó ń gbé. Mọ́tò ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀, ohun tí ó bá ń jò lára rẹ̀ ń bọ́ sí ilẹ̀. Ohun tí ó bá ń jò lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, inú ọkọ̀ ni ó ń dúró sí. Inú ìdí kẹta yìí ni ikú wà, nítorí náà òun ni a ó kọ́kọ́ sọ.

III. ÈÉMÍ EPO

Epo pẹtiróòlù kì í fúnra rẹ̀ jó gẹ́gẹ́ bí omi. Ohun tí ń jó ni èémí tí ó ń ti ara rẹ̀ jáde, nígbà tí ó bá dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́. Èémí yìí ni ó máa ń ta sí wa nímú bí a bá ṣí ìdérí kẹ́ẹ̀gì. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí a ń mí lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí náà kì í fò lọ sókè. Sísàn ni ó ń sàn wálẹ̀ bí omi tí a kò lè fi ojú rí. Bí ó bá jáde ní ìta gbangba, atẹ́gùn yóò gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ikùn ọkọ̀ dàbí ìkòkò: ohun tí ó bá bọ́ sínú rẹ̀ kò ní ọ̀nà àbájáde àfi bí a bá bù ú jáde. Kabúrétọ̀ kan ń kán tótó ní òru, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀. Ní òwúrọ̀, awakọ̀ dé, ó tẹ bọ́tìnnì, ìpẹ́pẹ́ iná kan ṣoṣo sì ta láti ara ohun tí ń yí ẹ́ńjìnnì. Kì í ṣe pé ọkọ̀ náà yóò gbiná nìkan. Bíbú ni yóò bú, nítorí èémí náà ti kún gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń dènà rẹ̀? Ohun àkọ́kọ́ ni imú. Kí ẹni tí ó ni ọkọ̀ ṣí àpótí ẹ́ńjìnnì, kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó sì fi imú ara rẹ̀ gbọ́ òórùn ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Bí ó bá gbọ́ òórùn epo, kí ó má ṣe tan ohunkóhun, kí ó sọ gbogbo ènìyàn kalẹ̀, kí ó sì wá ibi tí ó ti ń jò. Ohun kejì ni fáànù tí ń fa afẹ́fẹ́ ikùn ọkọ̀ jáde. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Etíkun Amẹ́ríkà ń kọ́ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n jẹ́ kí fáànù náà ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 4 kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ kò ní in láti ilé iṣẹ́. Ẹni tí ó bá gbọ́n yóò fi í sí i. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé fáànù títí kò fi ní lo imú mọ́, nítorí fáànù kò lè dí ibi tí ń jò.

Ohun kẹta ni àwọ̀n irin kékeré tí a ń fi bo ẹnu kabúrétọ̀. Ẹ́ńjìnnì a máa wúkọ́ nígbà mìíràn, iná inú rẹ̀ a sì gba ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé jáde. Àwọ̀n yìí ń gba ooru iná náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó dé òde. Òfin Amẹ́ríkà fi dandan lé e fún gbogbo ẹ́ńjìnnì elépo pẹtiróòlù tí a fi sínú ọkọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 1940. Bí ẹnìkan bá yọ ọ́ kúrò nítorí pé ó dọ̀tí, tí kò sì fọ̀ ọ́ kí ó dá a padà, ó ti ṣí ilẹ̀kùn fún iná.

Ohun kẹrin ni pé kí a má ṣe fi ẹ̀yà iná mànàmáná ti mọ́tò dípò ti ọkọ̀. Ní ojú, méjèèjì dàbí ìbejì, ti mọ́tò sì rọrùn lówó. Ṣùgbọ́n èyí tí a ṣe fún ọkọ̀ lóde òní ni a dí lára kí ìpẹ́pẹ́ iná inú rẹ̀ má baà kan èémí epo. Ẹni tí ó fi owó díẹ̀ pamọ́ nípa ríra ti mọ́tò ti fi ẹ̀mí àwọn ará ilé rẹ̀ dúró fún un.

Ohun karùn-ún ni ọ̀nà tí a ń gbà bu epo. Kí gbogbo ènìyàn sọ̀ kalẹ̀. Kí a pa gbogbo iná. Kí a ti fèrèsé àti àpótí kí èémí má baà wọlé. Kí irin ẹnu ọ́ọ̀sì sì fara kan irin ẹnu táńkì ní gbogbo ìgbà tí epo ń sàn. Lẹ́yìn èyí kí a ṣí gbogbo rẹ̀, kí a gbọ́ òórùn, kí a sì lo fáànù.

Ìṣẹ́jú 4! Ẹ wo bí ó ti kéré tó. Ẹ kọ orin kan ní ilé ìsìn láti ẹsẹ̀ kìn-ín-ní dé Àmín, ìṣẹ́jú mẹ́rin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Síbẹ̀, nígbà tí oòrùn bá dára, tí àwọn ọmọ ti jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n ń pariwo pé kí bàbá wọn jẹ́ kí àwọn lọ, ìṣẹ́jú mẹ́rin náà a máa gùn bí ọdún. Níbẹ̀ ni a ti ń mọ bàbá tí ó fẹ́ràn àwọn ọmọ rẹ̀ ní tòótọ́.

IV. OMI TÍ Ó WỌLÉ ÀTI OMI TÍ Ó JÁDE

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà tí omi ń gbà. Pọ́ǹpù kan ń fa omi odò wọlé láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ó ń ti í yí àwọn sìlíńdà ká, lẹ́yìn náà omi náà a dà sínú páìpù èéfín, a sì bá èéfín jáde ní ẹ̀yìn ọkọ̀. Iṣẹ́ méjì ni omi yìí ń ṣe: ó ń tu ẹ́ńjìnnì lára, ó sì ń tu páìpù èéfín lára, nítorí ọ́ọ̀sì rọ́bà ni apá kan páìpù náà. Bí omi bá dá, rọ́bà yóò jó, èéfín olóró yóò sì wọ inú ọkọ̀.

Nítorí náà, gẹ́rẹ́ tí ẹ́ńjìnnì bá ti dún, kí awakọ̀ wo ẹ̀yìn. Bí omi bá ń tú jáde pẹ̀lú èéfín, ó dára. Bí kò bá sí omi, kí ó pa á lójú ẹsẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù, kẹ̀kẹ́ rọ́bà kékeré kan tí ó ní apá bí ti òdòdó ni ó ń ti omi lọ. Bí ó bá yí lásán láìsí omi, kì í pẹ́ rárá kí ó tó ya. Pípààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún kò náni ní owó púpọ̀; ẹ́ńjìnnì tí ó bá gbóná títí orí rẹ̀ fi là kò ṣeé fi owó díẹ̀ tún ṣe.

Odò kì í gbé omi nìkan wá. Iyanrìn ń bá a wọlé, ẹrẹ̀ ń bá a wọlé, irin ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ sì ń dípẹtà. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ìpẹtà àti ẹrẹ̀ yóò gbá jọ sí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì níbi tí omi kò ti sáré, sìlíńdà tí ó wà níbẹ̀ yóò sì máa gbóná ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni aago tí ń sọ ìgbóná lè máà fi í hàn, nítorí ibòmíràn ni a so ó mọ́. Nítorí náà kí a ṣí àwọn ìdérí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìgbà dé ìgbà, kí a sì fi wáyà àti omi olágbára fọ inú rẹ̀.

Ọ̀tá tí ó tóbi jù ni òtútù. Àwa tí ó jẹ́ pé ọyẹ́ ni òtútù wa kò mọ ohun tí à ń sọ yìí dáradára. Ní Michigan àti New York, odò a máa dì títí ènìyàn yóò fi lè rìn lórí rẹ̀. Omi tí ó bá sì di yìnyín a máa wú ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Ẹni tí ó bá ti gbé ìgò tí omi kún dé ẹnu sí ibi tí ń sọ omi di yìnyín nínú fíríjì ti rí i bí ìgò náà ti fọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni irin ẹ́ńjìnnì ṣe ń là bí omi bá wà nínú rẹ̀ ní òru ọjọ́ kan tí òtútù mú. Ẹ̀yà tí ó bá là báyìí, kò sí ilé iṣẹ́ tí ń dá irú rẹ̀ rọ mọ́.

Nítorí náà kí òtútù tó dé, a gbọ́dọ̀ tú gbogbo omi inú rẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ẹ̀tàn kan. Ẹni náà ṣí ẹ̀rọ kékeré tí omi ń gbà jáde. Omi kán díẹ̀, ó sì dá. Ó rò pé inú rẹ̀ ti gbẹ, ó sì lọ sí ilé. Kò mọ̀ pé ìpẹtà ni ó dí ojú ihò náà, tí omi ṣì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ẹni tí ó gbọ́n yóò ti wáyà bọ inú ihò náà, yóò yí i, títí omi yóò fi tú jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀ pupa. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko.

V. PÁKÓ TÍ Ń WÚ

A ti sọ pé ẹ́ńjìnnì àti ọkọ̀ ń gbé bí tọkọtaya. Níbí ni ẹ ó ti rí i.

Ọkọ̀ tí a gbẹ́ láti inú igi kan ṣoṣo kò ní ojú ìsopọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ onípákó ní ojú ìsopọ̀ púpọ̀. Ní gbogbo ìgbà òtútù tí ó bá fi wà ní orí ilẹ̀, pákó rẹ̀ ń gbẹ, ó sì ń sún kì, tí àlàfo fi ń yọ láàrin wọn. Bí a bá gbé e sínú omi lọ́jọ́ kìn-ín-ní, omi yóò máa wọlé. Ẹni tí kò mọ̀ yóò pariwo. Ẹni tí ó mọ̀ yóò fi okùn gbé e ró, yóò gbé pọ́ǹpù sí i, yóò sì ṣọ́ ọ ní ọ̀sán àti ní òru. Pákó yóò mu omi, yóò wú, àlàfo yóò sì pa dé fúnra rẹ̀. Kí a má ṣe fi ohun líle dí gbogbo àlàfo náà nígbà tí ó gbẹ, nítorí nígbà tí pákó bá wú tí kò sì rí àyè, yóò fi agbára ti èkejì rẹ̀, ó sì lè ṣẹ́ egungun ìhà ọkọ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ bá ń wú báyìí, ara rẹ̀ ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Orí igi méjì ni ẹ́ńjìnnì jókòó sí, ara pákó ni ihò ọ̀pá pùròpẹ́là wà. Bí pákó bá ti yí padà, ẹnu ẹ́ńjìnnì àti ẹnu ọ̀pá náà kò ní bára wọn mu mọ́. Nítorí náà asán ni kí a tò wọ́n ní orí ilẹ̀ kí a sì rò pé ó parí. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ lo ọjọ́ díẹ̀ nínú omi kí ó wú tán. Lẹ́yìn náà kí a tú ìdè tí ó so wọ́n pọ̀, kí a fa ẹnu méjèèjì sún mọ́ra, kí a sì fi abẹ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wọn àlàfo tí ó wà láàrin wọn lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì. Ìyàtọ̀ láàrin ibi kan àti èkejì kò yẹ kí ó ju nǹkan bí ìdá 3 nínú 1,000 ìnṣì lọ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, kí a gbé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì sókè tàbí sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ títí yóò fi tọ́. Ọkọ̀ tí ń gbọ̀n jìnnìjìnnì tí ó sì ń jẹ ìdè rẹ̀, níbí ni kí a kọ́kọ́ wò, kí a tó dá ẹ́ńjìnnì lẹ́bi.

Níbi tí ọ̀pá náà ti gba ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kọjá, àpótí idẹ kékeré kan wà tí a fi okùn oníọ̀rá dí nínú, kí omi má baà wọlé. Ẹni tí kò mọ̀ yóò fún un mọ́ra títí kò fi ní kán rárá, yóò sì rò pé òun ti ṣe dáradára. Ṣùgbọ́n omi tí ń kán níbẹ̀ ni ó ń tu ọ̀pá náà lára bí ó ti ń yí. Kí ó máa kán díẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan nígbà tí ọ̀pá bá ń yí; bí kò bá kán, okùn yóò jó, yóò sì máa họ irin ọ̀pá náà.

VI. EPO, Ọ́ÌLÌ ÀTI INÁ

Epo pẹtiróòlù tí a ń tà ní Amẹ́ríkà lónìí sábà máa ń ní ọtí tí a pọn láti inú àgbàdo nínú, títí dé ìdá 10 nínú 100. Àwọn tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí kò ro èyí mọ́ iṣẹ́ wọn. Ọtí náà ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ó ń ba rọ́bà àtijọ́ jẹ́, ó sì ń tú ìdọ̀tí ọdún púpọ̀ tí ó ti lẹ̀ mọ́ inú táńkì, tí gbogbo rẹ̀ yóò fi wá dí kabúrétọ̀. Nítorí náà epo tí kò ní ọtí nínú ni kí a wá. Bí a kò bá rí i, kí a fi ọ́ọ̀sì tí ó lè gba ọtí mọ́ra dípò ti àtijọ́, nítorí ọ́ọ̀sì tí ó bá jẹrà ni ó ń mú wa padà sí ọ̀rọ̀ èémí epo tí a ti sọ.

Ní ti ọ́ìlì, kí a tẹ̀ lé ìwé tí ó bá ẹ́ńjìnnì náà wá. Kí a pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí àkókò ìwakọ̀ bá parí, kì í ṣe nígbà tí òmíràn bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ́ìlì tí a ti lò ní omi àti oró kíkan nínú, bí ó bá sì dúró ní gbogbo ìgbà òtútù, yóò máa jẹ irin. Bí a bá fa ọ̀pá ìwọn-ọ́ìlì jáde, tí ọ́ìlì ara rẹ̀ funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀. Kí a má ṣe tan án títí a ó fi mọ ibi tí omi náà ti wá.

Ní ti iná, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí ń lo bátìrì oníwọ́n 6, kì í ṣe 12. Iná tí kò pọ̀ kò lè fara da ìdọ̀tí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí pẹ̀lú ìlọ́ra, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sáré lọ ra bátìrì tuntun, nígbà tí ó jẹ́ pé orí wáyà tí ó dípẹtà ni kí wọ́n fi yanrìn-pépà nù. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a wo kọ́ńtáàtì inú dìsìtíríbútọ̀ àti púlọ́ọ̀gì, kí a sì fi àlàfo wọn sí iye tí ìwé sọ.

VII. ẸNI TÍ Ó RA ẸNI TÍ Ó TI SÙN

Nígbà mìíràn ènìyàn a ra ọkọ̀ tí ó ti wà nínú abà fún ogún ọdún, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì ní yí. Ìdánwò tí ó máa ń dé bá onítọ̀hún ni kí ó so bátìrì mọ́ ọn kí ó sì fi agbára yí i. Kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpẹtà ti so òrùka pístìn mọ́ ara sìlíńdà. Bí ó bá fi agbára yí i, ohun kan yóò ṣẹ́. Kí ó tú àwọn púlọ́ọ̀gì, kí ó da ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Lẹ́yìn náà kí ó fi ọwọ́ mì ín síwá sẹ́yìn ní pẹ̀lẹ́. Bí kò bá yí, kí ó tún da òmíràn, kí ó sì tún dúró. Àwọn àgbà ti sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní ń le koko. Nígbà tí ó bá yí tán, kí ó tú abọ́ ọ́ìlì ìsàlẹ̀ kí ó fọ̀ ọ́, kí ó fọ táńkì, kí ó sì ṣe pọ́ǹpù omi, kí ó tó ronú àti tan án.

ÌLÀNÀ ÒWÚRỌ̀

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà fò lọ, a kó o jọ ní ṣókí fún ẹni tí ó bá fẹ́ jáde lọ sórí omi.

1. Ṣí àpótí ẹ́ńjìnnì, kí o sì fi imú gbọ́ òórùn ìsàlẹ̀ ọkọ̀.
2. Wo bóyá omi wà ní ikùn ọkọ̀, kí o sì mọ ibi tí ó ti wá kí o tó gbọ́n ọn dànù.
3. Wo ọ́ìlì, fi gírísì sí ibi tí ó yẹ, kí o sì ṣí ẹnu ọ̀nà omi.
4. Jẹ́ kí fáànù ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 4 gbáko, kí o sì tún gbọ́ òórùn.
5. Tan ẹ́ńjìnnì, wo aago ọ́ìlì, wo omi ní ẹ̀yìn ọkọ̀.
6. Jẹ́ kí ó gbóná díẹ̀ kí o tó fi sí jíà, má sì ṣe sáré títí ara rẹ̀ yóò fi yá.

Kò sí èyí tí ó ṣòro nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọmọdé sì lè kọ́ wọn sórí. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣòro ni kí a ṣe wọn lónìí, kí a ṣe wọn lọ́la, kí a sì tún ṣe wọn ní ọgọ́rùn-ún ìgbà tí ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Nítorí a kò mọ èyí tí yóò jẹ́ ìgbà kọkànlélọ́gọ́rùn-ún.

ÌPARÍ

Ẹ̀yin ará, ẹnìkan lè sọ pé, Èéṣe tí wọn kò fi gbé ẹ́ńjìnnì àtijọ́ náà sọnù, kí wọ́n fi tuntun sí i? Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, a kò sì dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń tọ́jú ti àtijọ́ ń sọ pé àwọn kì í ṣe ẹni tí ó ni ọkọ̀ náà, olùtọ́jú ni àwọn. Ẹni tí ó kàn án ti kú. Ẹni tí ó kọ́kọ́ rà á ti kú. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọn yóò sì fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa rí pẹ̀lú ilé ìsìn tí a bá nílẹ̀, pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́, pẹ̀lú dùùrù tí àwọn àgbà ìjọ fi owó wọn rà. Kì í ṣe ọjọ́ ayẹyẹ ni wọ́n ń bàjẹ́. Ọjọ́ tí omi kán láti òkè àjà tí gbogbo wa sì rí i tí a kò sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bàjẹ́. Kí olúkúlùkù wa tí ó bá sì ní jẹnẹrétọ̀ nílé padà lọ lálẹ́ òní, kí ó wo ibi tí ó gbé e sí àti ibi tí ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo sí. Bí ó bá jẹ́ inú yàrá tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a tì pa ni wọ́n wà, kí ó gbé wọn jáde kí ó tó sùn. Bí ẹnìkan péré bá ṣe èyí nítorí ọ̀rọ̀ tí a sọ, làálàá wa kò já sí asán.